Ṣé starling inú ìwé ọmọ wa ni ẹyẹ dúdú orí igi ọdán yìí?

Ìyá Ìbejì, Kabba

Ẹ̀yin ọmọ Òkun, ẹ gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ní kí ọmọ kọ orúkọ ẹyẹ márùn-ún tó mọ̀ ládùúgbò, kó sì wá orúkọ Yorùbá fún ẹyẹ kan tí wọ́n yà sínú ìwé. Starling ni wọ́n pe ẹyẹ ọ̀hún. Ó dúdú, ó ń dán, àmì funfun wínníwínní wà lára rẹ̀. Ẹnì kan nílé ní ẹ̀gà ni. Ẹlòmíì ní ọmọ kannakánná ni. Ẹnì kẹta ní àwòko ni, torí ìwé náà sọ pé ó máa ń sín ohùn ẹlòmíì jẹ. Lójú tèmi, ó jọ ẹyẹ dúdú tó máa ń bo orí ọdán ẹ̀yìnkùlé wa, tó sì ń dá ihò sí ìbẹ́pẹ lára. Wọ́n ti ní kí n gún ata mọ́ ọṣẹ, kí n fi fọ́n ìbẹ́pẹ náà. Ta ni kí n gbà gbọ́?

---

Olójú Àṣá, Ìjùmú

Ẹ má gba ìkankan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́. Ẹyẹ inú ìwé yẹn kò sí ní Kabba, kò sì sí níbikíbi ní Nàìjíríà. Yúróòpù àti ìwọ̀-oòrùn Éṣíà ni ilé rẹ̀. Bí òtútù bá mú lọ́hùn-ún, àwọn kan máa ń sọ̀kalẹ̀ dé àríwá Áfíríkà, àmọ́ wọn kì í la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá bá wa. Èyí tó wà lórí ọdán yín, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni, bí àdàbà ṣe jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹyẹlé.

Mẹ́ta nínú ìdílé náà lẹ lè rí lápá ibi tiwa. Àkọ́kọ́ kúrú nírù, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 22 tàbí 23 lọ. Bí oòrùn bá bà á, a dán bí aró tuntun, a sì tún yí sí àwọ̀ elésè àlùkò. Ojú rẹ̀ lẹ ò ní gbàgbé: ó yọ bí iyeyè tó pọ́n. Ìkejì náà ń dán, ojú rẹ̀ náà pọ́n bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìrù ló fi ń ṣe yangà. Láti ẹnu dé ìdí ìrù, ó lè lé ní sẹ̀ǹtímítà 50, ìrù nìkan á sì gba ohun tó lé ní 30 níbẹ̀. Ìkẹta kéré sí àwọn méjèèjì. Akọ rẹ̀ ní àwọ̀ elésè àlùkò lórí, lọ́rùn àti lẹ́yìn, ikùn rẹ̀ wá funfun báláú. Abo rẹ̀ pọ́n bí ilẹ̀ gbígbẹ, ìlà dúdúdúdú sì wà láyà rẹ̀. Bí wọ́n bá jọ bà sórí ẹ̀ka kan, ẹ ò ní gbà pé tọkọtaya ni. Ìkẹta yìí kì í gbé ojú kan. Ó máa ń tẹ̀lé òjò àti èso kiri, torí náà bí ẹ ò bá rí i lóṣù mẹ́ta, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa á tán.

Ẹ má fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, gbogbo wọn á dúdú bí èédú. Ìrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ojú, kí ẹ tó wá wo ikùn. Ẹ lọ síbẹ̀ láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ẹ kẹ́yìn sí oòrùn. Ẹni tó bá kọjú sí oòrùn, òjìji ẹyẹ nìkan ló máa rí.

---

Ọmọ Yàgbà, Leeds

Ẹ jẹ́ kí n fi ti inú ìwé kún un, torí orí koríko ló ń rìn níbí ní Ìlú Ọba lójoojúmọ́. Ó ń rìn ni o, kì í fò tọ́ntọ́n bí ológoṣẹ́. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ìwọ̀n rẹ̀ sì wà láàárín gíráàmù 60 sí 100.

Àwọn àmì funfun tí ọmọ rí yẹn, ẹ̀tàn wà nínú wọn. Lẹ́yìn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni ó máa ń pa ìyẹ́ dà, ṣóńṣó ìyẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan sì máa ń funfun. Títí òtútù yóò fi lọ, ṣóńṣó náà á ti jẹ dànù, dídán tó wà lábẹ́ á wá hàn. Kò tún pa ìyẹ́ dà lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹ́ kan náà ló gbó tó sì wá lẹ́wà sí i, bí agbádá tí wọ́n lù títí tó fi dán. Ẹnu rẹ̀ tó dúdú nígbà òtútù á wá pọ́n bí iyeyè nígbà tó bá fẹ́ yé. Nígbà náà lẹ lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo: ìdí ẹnu akọ á ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ aró, ti abo á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́.

Wo bó ṣe ń jẹun. Ó máa ti ẹnu rẹ̀ bọ ilẹ̀ ní pípadé, lẹ́yìn náà ló máa yà á nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Iṣan tó ń ya ẹnu rẹ̀ lágbára ju èyí tó ń pa á dé lọ. Bí ihò bá ti là, ojú méjèèjì á yí síwájú, á máa wo àárín ẹnu tó yà náà bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ ló ń gún ilẹ̀, èyí ń ṣí i bí ìlẹ̀kùn ni.

Nígbà òtútù, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á kóra jọ sí ojú ọ̀run, wọ́n á máa yí bí èéfín. Ní Brighton, orí afárá ìgbafẹ́ tó wọ inú òkun ni wọ́n ń sùn sí. Síbẹ̀, iye wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an ní Bìrìtìkó, wọ́n sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ wọn gba àmójútó jù.

---

Bàbá Àgbà Gbẹ̀dẹ̀

Kí ló dé tí a ò kàn lè pè é ní ẹ̀gà? Àwọn baba wa ò fọ́ ẹyẹ sí wẹ́wẹ́ tó báyìí. Ariwo tí èyí ń pa lórí ọdán, ẹ̀gà náà ń pa á.

---

Olójú Àṣá, Ìjùmú

Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ àwọn baba wa gan-an ló fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Àwọn ni wọ́n ya agbe sọ́tọ̀ sí àlùkò, tí wọ́n ya àṣá sọ́tọ̀ sí àwòdì. Ariwo nìkan kò tó. Ìtẹ́ ni kí ẹ wò.

Ẹ̀gà ń hun. Á fa imọ̀ ọ̀pẹ ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á hun ún bí apẹ̀rẹ̀, á so ó rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ka, ogún, ọgbọ̀n lórí igi kan, títí imọ̀ ọ̀pẹ ibẹ̀ á fi ku egungun. Àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ kò mọ̀ ọ́n hun. Inú ihò igi ni wọ́n ń yé sí, yálà èyí tí akókó gbẹ́ kalẹ̀ tàbí èyí tí igi fúnra rẹ̀ jẹrà sí. Torí náà, bí ẹ bá rí ìtẹ́ tó ń fì, ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni akọ ẹ̀gà: iyeyè lára, dúdú lórí. Ọ̀rọ̀ ọkà bàbà àti ìrẹsì tún wà níbẹ̀. Ẹ̀gà ni ó ń jẹ ọkà lóko. Àwọn wọ̀nyí, èso àti kòkòrò ni wọ́n ń wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà la máa ń fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀gà bá wọn wí.

Kannakánná ńkọ́? Ó tóbi ju ìlọ́po méjì wọn lọ, àyà rẹ̀ funfun. Ọmọ rẹ̀ náà funfun láyà. Ọ̀rọ̀ yẹn tán.

---

Oníkajú Ìyàmoyè

Ẹ ti gbàgbé àwọn dúdú méjì tó ń da gbogbo ènìyàn láàmú. Ọ̀kan ń tẹ̀lé màlúù, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì le gbagidi, wọ́n máa ń pọ̀ tó mẹ́fà sí mẹ́wàá. Lójú ọ̀nà Bùnú, gbogbo ènìyàn ń pè é ní ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹlẹ́wà onírù gígùn yẹn. Kì í ṣe òun. Ti màlúù yìí, ara rẹ̀ kì í tàn ní àwọ̀ aró, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin ọ̀pẹ, kì í ṣe bí iyeyè. Tó bá ṣì jẹ́ ọmọ, ẹnu rẹ̀ á pọ́n, ṣóńṣó rẹ̀ nìkan ló máa dúdú. Ìdílé kannakánná ló ti wá.

Èkejì nìyẹn tó máa ń dá jókòó sórí wáyà iná tàbí ẹ̀ka gbígbẹ, tó ń já lu kòkòrò lójú òfurufú, tó tún padà síbi tó ti jókòó. Ẹ wo ìrù rẹ̀: ó là sí méjì bí ẹsẹ̀ àmúga. Kò sí ìkankan nínú ẹbí starling tiwa tí ìrù rẹ̀ là bẹ́ẹ̀.

---

Tísà Sáyẹ́ǹsì, Mọpà

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí wù mí, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e díẹ̀.

A máa ń sọ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ẹyẹ orí ọdán, ẹ ṣa ìyẹ́ rẹ̀ kan tó ti já sílẹ̀. Ẹ dì í mú kí oòrùn bà á láti iwájú: aró ni. Ẹ yí i díẹ̀: ó ti ń jọ ewé tútù. Ẹ wá gbé e sí àárín ojú yín àti ojú ọ̀run, kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Aró ti lọ. Ohun tó kù jọ èéfín, dúdú tó fẹ́ pọ́n. Ẹ gé díẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ: ìyẹ̀fun dúdú lẹ máa rí, kò sí aró kankan níbẹ̀. Kò láró. Dúdú inú ìyẹ́ náà ló tò ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ta padà lára rẹ̀ ní àwọ̀ aró, bí epo tó dà sórí omi òjò ṣe máa ń ṣe.

Pupa inú ìyẹ́ apá àlùkò yàtọ̀ pátápátá. Èyíinì jẹ́ èlò àwọ̀ gidi, bàbà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rẹ ẹ́ sínú omi eérú irú èyí tí aláró ń lò, pupa náà á máa yọ́ sínú omi. Nítorí náà, ẹni tó sọ pé àlùkò losùn kò purọ́.

---

Oníkajú Ìyàmoyè

Tísà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ máa pa àlùkò rẹ sínú eérú báyìí o.

---

Tísà Sáyẹ́ǹsì, Mọpà

Ìyẹ́ tó já sílẹ̀ ni mo wí. Ṣe ni kí wọ́n dúró dè é.

---

Alátakò, Ìsánlú

Ẹ ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé starling ló já bàálù lulẹ̀ ní Amẹ́ríkà, pé ó máa ń gba ilé lọ́wọ́ ẹyẹ onílé, pé ká tètè pa wọ́n kí wọ́n tó pọ̀. Ṣé irọ́ ni?

---

Ọmọ Yàgbà, Leeds

Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ẹyẹ mìíràn ni wọ́n ń ṣèdájọ́ rẹ̀ sórí tiwa. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1960, bàálù kan gbéra ní Boston, ó kó sáàárín ọ̀wọ́ starling, wọ́n wọ inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ènìyàn 72 ló wà nínú rẹ̀, 62 ló kú. Ti inú ìwé ọmọ yẹn ni, kì í ṣe ti orí ọdán.

Ènìyàn ló sì kó o débẹ̀. Ọdún 1890 ni ọkùnrin kan, Eugene Schieffelin, tú nǹkan bí 60 sílẹ̀ nínú ọgbà ìgbafẹ́ Central Park ní New York, ó tún tú 40 míì sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bo Amẹ́ríkà já. Ní Gúúsù Áfíríkà, Cecil Rhodes, olóṣèlú òyìnbó kan, ló kó tirẹ̀ dé Cape Town ní 1897. Tiwa kò wá láti ibì kan. Igi ọdán àti òun ti ń bára wọn gbé tipẹ́: ó ń jẹ èso, ó ń yàgbẹ́ hóró sórí igi míì, ọdán tuntun ń hù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbígba ilé jẹ́ òótọ́ lọ́hùn-ún. Ọgbọ́n tí àwọn ará Amẹ́ríkà dá sí i ni pé wọ́n ń kan àpótí pákó fún ẹyẹ onílé kékeré, wọ́n á sì lu ihò ẹnu rẹ̀ ní mìlímítà 38 géérégé. Starling kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí wọ́n bá ṣì í lù, tó tó 45, ilé ti di tirẹ̀ nìyẹn.

---

Káfíńtà Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ti kàn mí lára pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ kan fún tiwa onírù kúkúrú, kó fún ihò ní mìlímítà 60, torí ó tóbi ju ti òyìnbó lọ. Pákó tó nípọn ìnṣì kan ni kó lò, kì í ṣe páànù. Páànù á sè wọ́n mọ́nú lọ́sàn-án oṣù kẹta. Ìsàlẹ̀ inú kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18 lọ́nà méjèèjì, kí gíga jẹ́ 40, kí ihò sì wà lókè, sẹ̀ǹtímítà 28 sókè ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ ológbò má tó ọmọ. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ fún omi. Ẹ má kun inú lọ́dà, ẹ má sì fá a dán. Pákó inú tó bá ń yọ̀, ọmọ ẹyẹ ò ní rí ibi fi èékánná gùn jáde. Ẹ gbé e kọ́ ní mítà mẹ́ta sókè, kó kẹ́yìn sí ibi tí òjò ti máa ń fẹ́ wá.

Àmọ́ ohun tó rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí ẹ má gé ọ̀pẹ tó ti kú tó ṣì dúró, tí kò bá máa wó lu ilé. Akókó á gbẹ́ ẹ fún yín láìgba kọ́bọ̀.

---

Àgbẹ̀ Obìnrin, Ìyàrá

Ẹ padà sórí ìbẹ́pẹ, nítorí òun ni ìyá yìí fẹ́ tà.

Ata kò wúlò. Ata kì í ta ẹyẹ. Ohun tó ń jó wa lẹ́nu nínú ata, ẹyẹ kò ní ohun tó fi ń mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ ata wẹ́wẹ́ lóko tí wọ́n sì ń fọ́n hóró rẹ̀ kiri. Ewúrẹ́, eku àti ọ̀bọ ni ata lè lé. Ọṣẹ tó bá pọ̀ sí i á tún jó èèpo ìbẹ́pẹ, dúdú á hàn lára rẹ̀, oníbàárà ò sì ní rà á.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ tètè ká a. Bí ìlà ìpọ́n kan bá ti yọ láti ìsàlẹ̀ ìbẹ́pẹ, tí ìpọ́n náà kò tíì dé ìdá mẹ́rin ara rẹ̀, ẹ já a. Nílé, á pọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ẹ bá já a kó tó yọ ìlà rárá, á rọ̀, kò ní dùn. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ìdajì pọ́n, ẹyẹ ti ṣíwájú yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kó pọ́n lórí igi, àpò sìmẹ́ǹtì tí ẹ ti gbọn mọ́ dáadáa ni kí ẹ fi wé e, kí ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ̀rá dúdú ló ń ba nǹkan jẹ́: oòrùn á gbóná nínú rẹ̀, omi á gbá jọ, ìdí ìbẹ́pẹ á jẹrà lọ́jọ́ kejì. Àwọ̀n náà dára, àmọ́ ẹ fà á le, kí ó jìnnà sí èso tó sẹ̀ǹtímítà 20. Àwọ̀n tó bá rọ̀ dẹ̀ẹ̀, ẹyẹ á dúró lé e, á sá jẹun láti ẹ̀yìn, ejò náà á sì há sínú rẹ̀.

---

Oníkajú Ìyàmoyè

Kí n fi ti kajú lé e: ẹ má fi owó yín ra àwọ̀n. Ẹyẹ tó bá sá èso kajú lẹ́nu, kóró ṣì wà níbẹ̀, kóró la sì ń tà. Epo inú èèpo kóró yẹn ń bó ènìyàn lẹ́nu àti lọ́wọ́, ẹyẹ kì í bá a ṣeré. Ẹ jẹ́ kó jábọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ ṣà á lójoojúmọ́ kí òjò má bà á.

---

Bàbá Àgbà Gbẹ̀dẹ̀

Ó dáa, mo gbà pé kì í ṣe ẹ̀gà. Ẹ wá fún un lórúkọ. Mo ní ká pè é ní ẹyẹ aláró.

---

Tísà Sáyẹ́ǹsì, Mọpà

Bàbá, agbe á pè wá lẹ́jọ́. Àti pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọlọ lọ ìyẹ́ náà tán pé kò láró ni.

---

Olójú Àṣá, Ìjùmú

Àwòko náà á pè wá lẹ́jọ́ bí a bá gbé orúkọ rẹ̀ fún un. Òótọ́ ni pé starling inú ìwé ń sín ohùn jẹ, títí kan aago fóònù. Mozart, gbajúmọ̀ olórin òyìnbó àtijọ́, pàápàá ra ọ̀kan ní 1784, ó sìnkú rẹ̀ nígbà tó kú ní 1787. Ṣùgbọ́n sísín ohùn jẹ kò sọ ẹyẹ di àwòko, bí kò ṣe sọ odídẹrẹ́ dà á.

Ìyá Ìbejì, ẹ ní kí ọmọ kọ ọ́ báyìí: "Starling jẹ́ ẹyẹ dúdú tó ń dán, tí ń gbé ní Yúróòpù. Kò sí ní ìlú wa. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ wa ń jẹ èso ọdán, ojú púpọ̀ nínú wọn pọ́n bí iyeyè, inú ihò igi ni wọ́n ń yé sí." Fún àwọn márùn-ún: lékeléke, ẹ̀gà, àdàbà, kannakánná, alápàńdẹ̀dẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì, Kabba

Ó ti kọ ọ́. A ti já ìbẹ́pẹ mẹ́rin tó yọ ìlà. Ọ̀kan ní ihò lára. Ṣé kí a gé ibẹ̀ kúrò, kí a jẹ ìyókù?

---

Àgbẹ̀ Obìnrin, Ìyàrá

Ẹ kọ́kọ́ wo ihò náà. Ti ẹyẹ á tẹ̀ wọ inú bí ẹni fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún un, ọ̀sán ló sì máa ń ṣe é. Bí ẹsẹ̀ eyín bá wà létí ihò, tí ẹ bá sì rí ìdì èso tí wọ́n jẹ tí wọ́n tu sílẹ̀ lábẹ́ igi láàárọ̀, àdán ni. Kò sí gígé níbẹ̀ o. Ẹ gbẹ́ kòtò sílẹ̀, ẹ bo ìbẹ́pẹ náà mọ́lẹ̀, ẹ má fún ẹran ọ̀sìn jẹ, kí ẹ sì fọ ọwọ́.